Ìgbín Tí Crescencio Sè fún Bíṣọ́ọ̀bù

Ẹnu ni àrùn Crescencio. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ọtí ni tirẹ̀, ẹlòmíràn wà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú àpò ẹni ẹlẹ́ni. Ti Crescencio, ọmọ Ìyá Hermelinda, ẹnu ni. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, kò ní dá a padà kó tán síbẹ̀. Á kọ́kọ́ sọ fún yín bí ilẹ̀ ṣe máa ń mọ́ ní Níú Yọ́ọ̀kì, pé àárọ̀ tibẹ̀ ga ju tiwa lọ, àti pé kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́ bí òun kò bá tíì jí.

Kó tó rìnrìn àjò, ẹnu náà kò ju ẹnu lọ. Ọdún méjìlá tó lò l'Amẹ́ríkà ló bọ́ ọ. Ara rẹ̀ kò sanra níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò nípọn. Ẹnu nìkan ló jẹun kánú.

Kì í ṣe pé a kò rí ẹni tó ti Amẹ́ríkà dé rí. Ní Texcalapa wa yìí, láàárín òkè àti ẹ̀gún, kò sí agbo ilé tí kò ní ọmọ kan ní Níú Yọ́ọ̀kì. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó bá dé á kọ́ ilé, á ra ọkọ̀ akẹ́rù, á dákẹ́. Crescencio ló dé tí kò dákẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ìyẹn ni àwọn àgbà sọ; ti Crescencio ni pé àjò kì í dùn kí onírọ́ má rí ilé tó máa kó irọ́ wá sí.

Lọ́jọ́ tó dé, kóòtù dúdú ló wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, nínú oòrùn tí àwọn ajá ìlú ń sá fún. Rufina ìyàwó rẹ̀ àti Luz ọmọ wọn, tó wà nínú oyún nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ, ló wá pàdé rẹ̀. Ní ilé, ìyá rẹ̀ ti pa tòlótòló tó ti ń sìn de ọjọ́ náà. Láti ìdájí ló ti kúnlẹ̀ ti ọlọ, tó ń lọ ata gbígbẹ, ó ń lọ yànmọtí, ó ń lọ kòkó, títí ọbẹ̀ móle fi ki, tó dúdú, tó ń dán bí ara ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Crescencio jókòó. Ó wo ọbẹ̀. Ó wo òkìtì tòtíyà gbígbóná, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ tí a fi ń bu ọbẹ̀ jẹ, tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó wá béèrè bóyá fọ́ọ̀kì wà.

Wọ́n bá a wá fọ́ọ̀kì kan láti ilé kejì. Ó fi fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ gé tòtíyà sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé bébà, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má bínú, níbi tí òun ti ń bọ̀, wọn kì í jẹ nǹkan tó bá dúdú tó báyìí. Ìyá Hermelinda kò bínú. Ó kàn gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀, ó gbé e fún aládùúgbò tó wá kí wọn kú àbọ̀. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Rufina fi bá ọ̀gbẹ́ni yìí nídìí ààrò, ní òun nìkan, tó ń fi tòtíyà họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kò sí fọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ló ti gba bẹ́ńṣì iwájú ìsọ̀ Bàbá Abundio bí ẹni gba oyè. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin máa ń jókòó sí lẹ́yìn iṣẹ́, ibẹ̀ ni Crescencio sì ti ń ṣe ìwàásù. Ó ní ọ̀gá kúùkù ni òun ní ilé oúnjẹ àwọn Faransé kan, ibi tí ẹni tí kò bá ti kọ orúkọ sílẹ̀ látoṣù mẹ́ta kò lè wọlé. Ó ní obìnrin olówó kan wà tí kì í fi ẹnu kan oúnjẹ bí òun kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá fẹ́ máa rẹ́rìn-ín, á na ìka sókè.

"Kò sí àwo kan," ló máa ń wí, "kò sí àwo kan nínú ilé oúnjẹ yẹn tí kò gba ọwọ́ mi kọjá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wa. Crescencio kò parọ́ níbẹ̀ yẹn. Gbogbo àwo ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti jẹun tán ni. Awo tí Crescencio ń bò mọ́lẹ̀ kò ju àwo lọ. Àwo ló ń fọ̀. Ọdún méjìlá ló fi dúró ní ẹ̀yìnkùlé ilé oúnjẹ náà, nínú ooru, nínú ọṣẹ, níbi tí kò ti lè rí oúnjẹ tó ń lọ. Èyí tó ń bọ̀ nìkan ló ń rí.

Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwo fífọ̀ ló kọ́ ìdajì ilé tó wà ní Texcalapa. Ṣùgbọ́n ní oṣù àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀, ìtìjú mú un, ó sọ fún Rufina lórí fóònù pé kúùkù ni wọ́n fi òun ṣe. Irọ́ orí fóònù dà bí ẹlẹ́dẹ̀ àgbàsìn: ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ máa fún un lóúnjẹ, bó sì ṣe ń jẹ ló ń tóbi. Kí ọdún kan tó pé, kúùkù ti di ọ̀gá kúùkù. Nígbà tí Crescencio máa fi padà sílé, ẹlẹ́dẹ̀ náà ti tóbi ju olówó rẹ̀ lọ, òun ló wá ń fà á kiri.

Ẹlẹ́dẹ̀ yìí ló fà á dé ibi tó ti ní òun máa ṣí ilé oúnjẹ Faransé sí Texcalapa. Ó ní ayé òun máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, pé àwọn olówó á máa ti ìlú ńlá Puebla wá, wọ́n á máa to ọkọ̀ sójú títì. Yàrá tí ìyá rẹ̀ ń kó àgbàdo sí ló gbà fún iṣẹ́ náà. Ó kùn ún ní funfun, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó ra àwo funfun jọ. Èyí tó kù ni ààrò oníná mànàmáná, ìyẹn ló sì kan ewúrẹ́ Rufina.

Rufina ní agbo ewúrẹ́ kan. Méjì péré ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ lọ. Ní àwọn oṣù tí ohunkóhun kò ti Amẹ́ríkà wá, wàrà ewúrẹ́ ló fi rán Luz nílé ìwé, ewúrẹ́ ló tà tó fi ra oògùn fún ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Crescencio ní kí wọ́n tà wọ́n, obìnrin náà kò pariwo. Ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ni.

"Bàbá Luz," ló wí, "láti ọjọ́ tí ẹ ti dé, mi ò tíì rí i kí ẹ dín ẹyin."

"Ṣé dókítà ń fún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ni?" ni Crescencio fi dá a lóhùn.

Ó ta gbogbo agbo ewúrẹ́ náà fún Bàbá Abundio. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní Texcalapa, ewúrẹ́ ló mú ọ̀ràn bá.

Ààrò dé. Ó ga, ó ń dán, iná wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀ bí ojú ológbò. Crescencio pe àwọn ènìyàn jọ, ó wọ fìlà funfun gogoro kan, ó tẹ bọ́tìnnì. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ni gbogbo iná Texcalapa kú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo dúró pẹ̀lú àgbàdo àwọn obìnrin nínú rẹ̀. Fírísà Bàbá Abundio dákẹ́, yìnyín inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ àgbàdo tí kò kúnná lórí wọn, tí wọ́n ń wo ọ̀gá kúùkù.

Crescencio ní kì í ṣe ẹ̀bi ààrò. Ó ní iná ìlú yìí ni kò gbọ́ Faransé.

Iná náà kò sì gbọ́ ọ títí di òní. Adìyẹ Rufina rí i pé inú ààrò náà móoru, ó sì dákẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí.

Ẹlòmíràn ì bá ti gba ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Ọdún Lọ́rẹ́ńsì Mímọ́, ẹni mímọ́ tó ni ìlú wa, ló wá ń bọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ máa wá súre fún agogo tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Abundio ló sì gbé ọdún náà rù, òun ló máa bọ́ èrò. Níbi ìpàdé, àwọn obìnrin ti ń pín iṣẹ́ móle láàárín ara wọn nígbà tí Crescencio dìde. Ó ní ìtìjú ló máa jẹ́ kí wọ́n fi ìkòkò amọ̀ àti ọbẹ̀ dúdú gba ẹni ńlá lálejò. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ẹni mímọ́ náà di ará Faransé.

Bàbá Abundio fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ara. Ó jẹ́ kó sọ tán.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ìwọ ni kó o wá sè é."

Crescencio mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó yẹ kí òun wá àwáwí, kí òun ní ọwọ́ ń dun òun, kí òun ní irinṣẹ́ kò pé. Kó tó rí àwáwí mú, ẹnu ti dáhùn. Ẹnu ní ìyẹn kéré, ẹnu ní kí gbogbo obìnrin ìlú lọ sinmi lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ ọdún, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, àṣírí iṣẹ́ ni. Ó dúró láàárín yàrá pẹ̀lú fìlà gogoro lórí, òógùn sì ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Kí ni àwọn Faransé ń jẹ gan-an? Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn àwo bí wọ́n ṣe máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó rántí ìkarahun ìgbín, tí bọ́tà díẹ̀ àti ewé tútù máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ó rántí egungun àgùntàn tí wọ́n dé fìlà bébà sí lórí, tí ẹran bíńtín máa ń wà nídìí rẹ̀, tí ọbẹ̀ kan ṣoṣo sì máa ń fà gbọọrọ lára àwo. Ó rántí pé gbogbo àwo ni ewé máa ń wà lórí rẹ̀, kò sí èyí tí ewé kì í sí. Bó ṣe ń rántí ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀. Ó rí i nísinsìnyí pé oúnjẹ àwọn ẹni ńlá kò ṣòro rárá. Kì í pọ̀ ni. Láàárín ọdún méjìlá, kò rí àwo olówó kan tó kún rí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ronú dénú ni.

Òjò ti rọ̀ lóru, ìgbín kún ẹ̀yìnkùlé. Ó ṣa wọ́n sínú garawa, ó fi ìwọ̀ yọ ẹran inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dà á fún adìyẹ. Ó fọ ìkarahun náà mọ́ tónítóní; ìyẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí ẹ̀gàn. Ó fi aáyù sínú bọ́tà, ó rọ ìwọ̀n díẹ̀ sínú ìkarahun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ oúnjẹ Faransé ní Texcalapa lọ́jọ́ náà, adìyẹ Rufina ni.

Agogo tuntun dún, àwọn onífèrè fun fèrè, Bíṣọ́ọ̀bù jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Arúgbó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti rìn láti òwúrọ̀ láìfi nǹkan kan ẹnu. Gbogbo ìlú jókòó. Crescencio fúnra rẹ̀ ló gbé àwo jáde, ó ń rìn bí ẹni gbé ẹyin.

Àwo funfun dé iwájú kálukú: ìkarahun díẹ̀ àti òkìtì ewé kan. Bíṣọ́ọ̀bù gbàdúrà sí i. Ó mú ìkarahun kan, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ó fi ọmọ fọ́ọ̀kì wá inú rẹ̀. Ó gbé e sí etí díẹ̀, àfi bíi pé ó ń gbọ́ bóyá ẹnì kan wà nílé. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìkarahun fà, ìgbín ní kó máa lọ.

"Ọmọ mi," ni Bíṣọ́ọ̀bù wí, ohùn rẹ̀ kò le, "ìgbín ńkọ́?"

Crescencio tẹrí ba. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń gbé e nìyẹn, Baba, nílé oúnjẹ tòótọ́. Kó má baà di pé wọ́n bi í ní ìbéèrè mìíràn, ó sáré gbé ẹran dé. Egungun kan lórí àwo kọ̀ọ̀kan, fìlà bébà lórí rẹ̀, ẹran tó tó èékánná, ọbẹ̀ tó fà gbọọrọ bí ipa ejò, àti ewé. Ajá Bàbá Abundio ti ń dúró lábẹ́ tábìlì. Ó gbé imú sókè, ó rí egungun náà, ó yí padà lọ sílé.

Ìyá Hermelinda fa àwo tirẹ̀ mọ́ra. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ti fọ àwo láti kékeré, kò sí bí àwo ṣe lè rí tí òun kò rí i rí. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Crescencio," ló wí, "wọ́n ti jẹ èyí tán."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹni tó ń fun fèrè ńlá, fèrè náà sì gbà á, ó sọ ọ́ di ariwo. Ibẹ̀ ló ti tàn ká. Àwọn kan gbórí lé tábìlì. Àwọn kan di ara wọn mú. Crescencio na ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣàlàyé, ó ní ojú àwọn ará oko kò lè tètè mọ ohun tó dára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti obìnrin olówó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá Abundio ló dá a dúró.

"Ẹni tí wọ́n fi sí ipò rẹ nígbà tí o kúrò níbẹ̀, ọmọ àbúrò mi ni," ló wí. "Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti pè wá. Ó ní ká bá òun kí ọ, pé o fi ibi tí wọ́n ti ń fọ àwo sílẹ̀ ní mímọ́."

Crescencio wo ojú wọn yíká. Ó wo bẹ́ńṣì kan dé bẹ́ńṣì kejì, ó ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. Kò rí ẹnì kan. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń wàásù níwájú ìsọ̀, wọ́n mọ̀. Nígbà tó ń kun yàrá, wọ́n mọ̀. Ó wo Rufina, Rufina sì wo ilẹ̀. Òun náà mọ̀, àfi pé òun kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló wọ̀ ọ́ lára ju gbogbo ẹ̀rín lọ. Ó ṣí ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, nǹkan kan kò jáde.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń se móle níbí," ni Bíṣọ́ọ̀bù wí fún Bàbá Abundio, pẹ̀lú ojú ẹni tí ebi ń pa.

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí àwọn obìnrin fi dìde. Kò sí ilé kan tí kò ti sè. Láti ìdájí ni ìkòkò ti ń hó ní gbogbo agbo ilé Texcalapa, nígbà tí ọ̀gá kúùkù ń ṣa ìgbín. Kò sẹ́ni tó máa fi ikùn Bíṣọ́ọ̀bù ta tẹ́tẹ́. Ìkòkò ń wọlé lọ́wọ́ọ̀wọ́, pupa, dúdú, pẹ̀lú tòlótòló àti tòtíyà tó ń gbé èéfín. Ti Ìyá Hermelinda ni Bíṣọ́ọ̀bù jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi tòtíyà nu àwo, kò sì béèrè fọ́ọ̀kì.

Crescencio ti sá wọ inú yàrá funfun rẹ̀, ó sì jókòó sórí garawa tó fi kó ìgbín. Wọ́n jẹun tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo wá fún un, ọ̀wọ́ lórí ọ̀wọ́, títí àwo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó lójú. Ó wò wọ́n títí. Nígbà tó yá, ó bọ́ kóòtù, ó ká apá ẹ̀wù sókè. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé fojú tẹ̀ lé. Ó ń fọ̀ ọ́, kò sì fọ́ ọ. Àwo ń fò láti inú ọṣẹ bọ́ sínú omi, ó ń tò ó lórí ara wọn láìwẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn dúró sójú fèrèsé, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù pàápàá yà síbẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, ó sì súre fún un láti ẹnu ọ̀nà.

Rufina ló lọ bá Bàbá Abundio nítorí ewúrẹ́. Ohun tí wọ́n jọ sọ kò gùn. Crescencio ni yóò máa fọ gbogbo àwo òkú àti àwo ìyàwó àti àwo ọdún tí ìlú bá ṣe títí ọdún á fi yípo, ewúrẹ́ á sì máa padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ń padà. Yàrá funfun náà ti di ti Rufina, ó ń ta móle àti ẹran tí wọ́n ń sun nínú kòtò iná níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Puebla sì ń yà. Ayé bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lóòótọ́, Crescencio nìkan ni kò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lákọ̀tun.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àlejò kan láti Puebla ń jẹun nídìí tábìlì. Crescencio fa àga, ó jókòó tì í, ó ju ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó béèrè bí ó ṣe rí ọbẹ̀ náà sí. Àlejò ní ó dùn. Crescencio mi orí bí ẹni tí kò fẹ́ yin ara rẹ̀. Ó ní kò lè ṣe kó má dùn, pé nígbà tí òun wà ní Níú Yọ́ọ̀kì, obìnrin olówó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí òun kò bá sí níbẹ̀...

Rufina yọjú láti ẹ̀yìn.

"Bàbá Luz," ló wí, "àwo ti tán."

"Mò ń bọ̀," ni Crescencio wí, ó sì dìde.